Yàrá Abẹ́ Pístìnnì: Bí Ọgbọ́n Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù Ṣe Rìn Láti Bath Dé Hamamatsu

  Ọ̀rọ̀ ọba, ọ̀rọ̀ ogun àti ọ̀rọ̀ orírun ìlú ni a sábà máa ń kọ sí ojú ewé ìtàn wa. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ irin.

Nínú àwa tí a dàgbà nílé ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, kò sí ẹni tí kò mọ ohùn Suzuki tàbí Yamaha 100. Kò tíì yọ ní kọ̀rọ̀ tí etí ti gbọ́ ọ; bí ó bá sì kọjá lọ tán, èéfín rẹ̀ á ṣì dúró lójú títì. Tíṣà ń gùn ún, wolé-wolé ń gùn ún, àwọn tí ń ra kòkó ń gùn ún lọ sí abúlé, gbogbo èyí kí ó tó di pé ọ̀kadà gba ìgboro kan. Ẹ́ńjìnnì two-stroke ni wọ́n. Òróró ń jó pọ̀ mọ́ epo nínú wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rú èéfín. Àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín lè má mọ̀ ju ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ́ńjìnnì kékeré yìí ní ìtàn tí ó wúwo jù ú lọ. Bath, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ni ó ti kọ́kọ́ gba ìrísí tí a mọ̀ ọ́n sí. Zschopau, ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn Jámánì, ni ó ti di alágbára. Hamamatsu ní Jàpáánì ni ó ti di ọrọ̀. Ọkùnrin kan ni ó sì gbé ọgbọ́n náà láti Zschopau dé Hamamatsu, tòun ti ìyàwó àti ọmọ tí wọ́n fi pamọ́ sínú ọkọ̀. Títí di òní, àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn bóyá olè ni tàbí kì í ṣe olè. Àríyànjiyàn yẹn ni ó mú kí a rò pé ìtàn náà yẹ ní ojú ewé yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ bí mẹkáníìkì yóò ṣe ṣàlàyé fún ọmọ iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ìrìn mẹ́rin ni pístìnnì rẹ̀ ń rìn kí iná tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó fa epo òun afẹ́fẹ́ wọlé, ó fún un pọ̀, iná jó o, ó lé èéfín jáde. Ti two-stroke, ìrìn méjì péré ni: ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Kò ní fáàfù lórí. Ihò ni ó wà lára ògiri sílíńdà, pístìnnì fúnra rẹ̀ ni ó sì ń ṣí wọn tí ó ń dí wọn bí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n bí orí pístìnnì bá wà lẹ́nu iṣẹ́ iná nígbà gbogbo, ta ni yóò máa fa epo tuntun wọlé? Dugald Clerk, ọmọ Scotland, ti ṣe two-stroke kan ní 1878, ṣùgbọ́n sílíńdà kejì ni ó fi ń fẹ́ epo wọ inú ti àkọ́kọ́. Joseph Day ti ìlú Bath ni ó rí i ní 1891 pé ohun tí a ń wá lọ sí òkèèrè wà nínú ilé. Abẹ́ pístìnnì ṣófo. Ó dé ilé kíráńkì pinpin, ó sì sọ ọ́ di ẹwìrì. Ẹni tí ó bá ti rí ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ń fẹ́ iná yóò mọ ohun tí a ń wí. Bí pístìnnì bá ń gòkè, yàrá abẹ́ rẹ̀ ń fẹ̀, ó ń fa epo òun afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, yàrá náà ń fún, ó ń ti èyí tí ó fà gba ojú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ gòkè wọ inú sílíńdà. Ní 1892, Frederick Cock, tí ó ń bá Day ṣiṣẹ́, tún un ṣe: ó dá ihò kan sí ìsàlẹ̀ ògiri sílíńdà kí etí ìsàlẹ̀ pístìnnì máa ṣí i. Báyìí ni ẹ́ńjìnnì kan ṣe jáde tí ohun tí ń rìn nínú rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: pístìnnì, ọ̀pá rẹ̀, àti kíráńkì.

Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí two-stroke lágbára, ihò àti yàrá abẹ́ yẹn ni ó ń bá fínra. Irin tí wọ́n yọ́ dà sínú iyanrìn kì í dán. Ojú ọ̀nà tí ó ti inú ilé kíráńkì gòkè sábà máa ń ní ìkángun níbi tí ó ti pàdé ẹsẹ̀ sílíńdà, gáskẹ́ẹ̀tì náà a sì máa yọ etí sínú ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ tí ó bá sáré dé ibẹ̀ a kọsẹ̀. Ẹni tí ó mọṣẹ́ á gbé gáskẹ́ẹ̀tì lé orí ilé kíráńkì, á fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó fa ìlà yí ihò sílíńdà ká, á wá fi fáìlì tàbí ẹ̀rọ ìlọrin kékeré gbẹ́ irin títí ojú méjèèjì yóò fi bára mu. Iṣẹ́ sùúrù ni. Bí ó bá gbẹ́ ẹ jù, irin á lu sí ìta tàbí sínú ihò bóòtù, ilé kíráńkì di pàǹtí nìyẹn. Àyè wà fún àṣejù nínú sílíńdà pẹ̀lú. Bí a bá gbé ihò èéfín sókè díẹ̀, bíi mìlímítà kan tàbí méjì péré, ẹ́ńjìnnì á máa sáré gan-an lókè, ṣùgbọ́n á rọ nísàlẹ̀. Irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ dára fún ìdíje. Kò lè gbé èrò méjì àti àpò gààrí gun òkè Ìdànrè.

Jørgen Skafte Rasmussen, ọmọ Denmark, ni ó dá ilé iṣẹ́ DKW sílẹ̀ ní Zschopau. Nígbà tí àwọn ọdún 1920 fi ń parí, kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe alùpùpù púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé. Adolf Schnürle, ọmọ Jámánì mìíràn, ti rí ọ̀nà kan: dípò kí epo tuntun wọlé kí ó kọlu ihò èéfín tààrà, ó da ojú ihò méjì ẹ̀gbẹ́ sẹ́yìn, kí epo yí po nínú sílíńdà kí ó sì lé èéfín ṣáájú. DKW gba ọgbọ́n náà lò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ní 1939, Hermann Weber, olórí àwọn ayàwòrán ẹ̀rọ wọn, ṣe RT125, alùpùpù fẹ́rẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 4.75.

Ogun parí ní 1945, Jámánì pàdánù, àwọn aṣẹ́gun sì pín ohun ìní rẹ̀. Àwòrán RT125 wà nínú ohun tí wọ́n pín. Àwọn ará Rọ́ṣíà kó ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà lọ, wọ́n kó Weber fúnra rẹ̀ lọ pẹ̀lú, ọ̀hún ni ó sì kú sí ní 1948. Moscow ṣe RT125 tiwọn. Harley-Davidson ní Amẹ́ríkà ṣe tiwọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, BSA gbé Bantam jáde ní 1948, àwọn tí ń pín lẹ́tà àti tẹligíráàmù sì gùn ún kárí ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí ó kọ́kọ́ dé síhìn-ín nínú àwọn bàbá wa yóò rántí Bantam, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ọmọ Zschopau ni. Alùpùpù àkọ́kọ́ tí Yamaha ṣe ní 1955, RT125 náà ni wọ́n wò ṣe é. A bẹ̀ yín, ẹ fi èyí sọ́kàn títí a ó fi dé ọ̀rọ̀ olè.

Zschopau bọ́ sí apá ìjọba Kọ́múníìsì. Ilé iṣẹ́ náà di ti ìjọba, orúkọ rẹ̀ sì di MZ ní 1956. Ibẹ̀ ni Walter Kaaden ti ṣiṣẹ́. Pobershau, tí kò jìnnà sí Zschopau, ni wọ́n ti bí i ní 1919. Bàbá rẹ̀ ni ó ń wa ọkọ̀ fún ọ̀gá kan ní DKW. Nígbà ogun, ó wà lára àwọn tí ń ṣe ohun ìjà tí ń fò. Lẹ́yìn ogun, ó ń ṣe igi òrùlé, nítorí ilé tí bọ́ǹbù bàjẹ́ pọ̀ nílẹ̀, ó sì ń tún alùpùpù ṣe fún ìdíje lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 1953, ilé iṣẹ́ náà gbé ẹ̀ka ìdíje lé e lọ́wọ́. Kò sí owó, kò sí irin tí ó dára tó. Ohun tí ó ní ni etí àti ìrònú.

Ó kọ́kọ́ kojú ihò tí Cock dá ní 1892. Ihò náà ní àléébù kan: bí ó bá ti ṣí ṣáájú kí pístìnnì tó dé òkè, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe ṣì wà ní ṣíṣí nígbà tí pístìnnì bá ti ń bọ̀ nísàlẹ̀. Nítorí náà, apá kan nínú epo tí ẹwìrì fà, ó tún ń tì í padà sẹ́nu kabúrétọ̀. Daniel Zimmermann, ọmọ Jámánì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti dán ọ̀nà mìíràn wò, Kaaden sì mú un lò. Wọ́n dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ ilé kíráńkì, wọ́n gbé kabúrétọ̀ síbẹ̀, wọ́n wá fi àwo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí etí kíráńkì, èyí tí wọ́n ti gé apá kan rẹ̀ kúrò. Bí kíráńkì ti ń yí ni àwo náà ń yí. Ibi tí wọ́n gé ń ṣí ihò, ibi tí ó kù ń dí i. Ó lè ṣí ní kùtùkùtù kí ó sì tètè dí. Ẹwìrì kò pọ epo padà mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ó dá ihò kẹta sí ẹ̀yìn sílíńdà, ní ìdojúkọ ihò èéfín. Fèrèsé tí ó gé sí ara pístìnnì ni epo ń gbà débẹ̀, epo tútù tí ń kọjá náà sì ń tu bẹ́árìn abẹ́ pístìnnì lára, bẹ́árìn tí ó ti máa ń jóná tẹ́lẹ̀. Èyí tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni páìpù èéfín. Erich Wolf ti DKW ní ìwọ̀-oòrùn Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Kaaden ni ó mú un dópin. Ìró tí ó jáde nínú ihò èéfín ń sáré bí ìgbì nínú páìpù. Bí ó bá dé ibi tí páìpù ti ń fẹ̀, ìgbì kan á padà tí ń fà. Bí ó bá dé ibi tí ó tún ti ń fún, òmíràn á padà tí ń tì. Bí wọ́n bá ṣe gígùn páìpù náà déédéé, èyí àkọ́kọ́ á fa epo tuntun jáde láti inú ilé kíráńkì wọ sílíńdà, èkejì á sì ti èyí tí ó fẹ́ bá èéfín jáde lọ padà sínú ilé. Ẹ́ńjìnnì ti ní ẹwìrì méjì báyìí, ọ̀kan lábẹ́ pístìnnì, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà ìta.

Ṣáájú ìgbà náà, àṣà àwọn tí ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni kí wọ́n fi irin dí gbogbo àyè tí kò wúlò nínú ilé kíráńkì, kí ẹwìrì lè tì í pẹ̀lú agbára. Bí páìpù ti ń dára sí i, ìyẹn di ohun tí kò pọn dandan mọ́, nítorí yàrá tí ó fẹ̀ díẹ̀ ń ní epo tí páìpù lè fà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó gbà kí gbogbo ayé tó gbà bẹ́ẹ̀.

Horst Fügner gba ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún MZ ní Sweden ní 1958. Nígbà tí ó fi di 1961, ẹ́ńjìnnì 125 ti Kaaden ti ń mú agbára ẹṣin 25 jáde, bí kíráńkì bá ń yí ní ìgbà 10,800 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi wé 4.75 tí Weber bẹ̀rẹ̀. Agbára ẹṣin 200 fún lítà kan nìyẹn, láìsí ẹ̀rọ afátẹ́gùn kankan, kò sì sí ẹni tí ó ti ṣe é rí.

Ernst Degner ni ó ń gun alùpùpù náà. Wọ́n bí i ní 1931, ó dé MZ ní 1956, ó sì mọ inú ẹ́ńjìnnì dáadáa; kì í ṣe agun-alùpùpù lásán. Bí ó bá lọ díje lókè òkun, ó ń rí bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé. Owó tí òun ń gbà kò tó nǹkan, wọn kò sì jẹ́ kí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ bá a jáde. Suzuki náà ń díje, alùpùpù wọn kò sì lè sáré. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ ní bòńkẹ́lẹ́. Ní 13 August 1961, ìjọba ìlà-oòrùn fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún pín Berlin sí méjì, lẹ́yìn náà ni odi wá dìde. Ojú ọ̀nà ti ń dí.

Ọjọ́ 17 oṣù September ni ìdíje Sweden ní Kristianstad. Degner ni ó wà lókè nínú àwọn tí ń du ipò ajagun-mólú àgbáyé ní kíláàsì 125. Bí ó bá borí níbẹ̀, ipò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di tirẹ̀, yóò sì jẹ́ àkọ́kọ́ fún MZ àti fún two-stroke lápapọ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́nu ìdíje. Lópin ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n gbé ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ kọjá ààlà nínú ibi ìkẹ́rù-sí ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n ti fún àwọn ọmọ ní oògùn oorun kí wọ́n má baà ké. Òun náà gba Denmark kọjá sí ìwọ̀-oòrùn Jámánì. Kò rí ìdíje ìkẹyìn gùn ní Argentina. Tom Phillis, ọmọ Australia, ni ó gba ipò náà lórí Honda. MZ kò gba ipò àgbáyé kankan rí títí wọ́n fi kúrò nínú ìdíje.

Kí ọdún náà tó parí, Degner ti wà ní Hamamatsu. Ní 1962 ó gba ìdíje 50 fún Suzuki ní Isle of Man, ó sì di ajagun-mólú àgbáyé ní kíláàsì náà ní ọdún yẹn kan náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí two-stroke yóò ṣe é. Hugh Anderson gba méjì fún Suzuki ní 1963. Phil Read gba kíláàsì 250 fún Yamaha ní 1964. Láti 1975, kò sí ẹ́ńjìnnì mìíràn tí ó gba kíláàsì 500 títí dé ti Valentino Rossi ní 2001.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ olè. Àwọn kan wí pé Degner jí iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ tà. Òótọ́ ni pé Kaaden ni ó pàdánù jù, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni; ẹni tí ó fi ọdún mẹ́jọ rò ó ni ó jókòó sí Zschopau tí ó ń wo àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ti ń fi í gba ife ẹ̀yẹ. Àwa kò gbójú fo ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba mẹ́ta kó àwòrán Weber, tí ọ̀kan sì kó Weber fúnra rẹ̀, ẹ̀san ogun ni wọ́n pè é. Nígbà tí Yamaha wo RT125 ṣe tiwọn, òwò ni wọ́n pè é. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó gbé èyí tí ó wà ní orí rẹ̀, tí ó sì fi ẹ̀mí ìyàwó àti ọmọ wewu nítorí rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní olè. Àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà tí ilé kọ́ tí òkèèrè ń jẹ èrè wọn pọ̀ láàárín wa. A ti gbọ́ ẹjọ́ yìí rí nínú ìpàdé ìdílé, bí a bá sì ń dá a, ó yẹ kí òṣùwọ̀n wa jẹ́ ọ̀kan náà fún ìjọba, fún ilé iṣẹ́ àti fún ẹnì kan ṣoṣo.

Èrè náà kò tilẹ̀ rọ Degner lọ́rùn. Ó ṣubú ní Suzuka ní 1962, ibẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìtẹ̀kọ́rọ́ kan ní orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ní November 1963, ó tún ṣubú ní Suzuka kan náà, epo gbiná mọ́ ọn, ó sì jóná gan-an. Ó tún padà gba ìdíje lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò padà sí bí ó ti wà mọ́. Tenerife ni ó kú sí ní 1983. Kaaden kò lọ ibì kankan. Ó rí i tí odi Berlin wó ní 1989, ó sì kú ní 1996.

Ìdíje àgbáyé fún two-stroke 125 parí ní 2011. Nígbà náà, Aprilia ti mú nǹkan bí agbára ẹṣin 54 jáde nínú ẹ́ńjìnnì kan náà tí ó jẹ́ 4.75 ní 1939, àwo irin tí ń yí ṣì wà lára ilé kíráńkì rẹ̀. Nílé, Jincheng AX100 tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà lórí àwòrán Suzuki ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà gùn kẹ́yìn nínú ìran yìí kí àwọn elérò mẹ́rin tó gba títì.

Ṣùgbọ́n Suzuki A100 àti Yamaha YB100 àtijọ́ ni ó sún mọ́ Zschopau jù. Ẹni tí ó bá tú wọn rí yóò rántí pé kabúrétọ̀ kò sí lẹ́yìn sílíńdà níbi tí ojú ń wá a sí. Inú ìdérí ẹ̀gbẹ́ ni ó wà, lára ilé kíráńkì, àwo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n wa bá kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì alùpùpù nílé nígbà náà, tí ó sì rántí orúkọ tí wọ́n ń pe àwo náà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn tí ń bọ̀.